Àwọn Ilẹ̀kùn Tí Mo Fò Kọjá

Òtítọ́ tí mo gbé mì ti há mi lọ́fun, dókítà sì ti ní ẹ̀mí mi kò ní pẹ́ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n tu ú jáde. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bàbá yín ló tọ́ mi. Bí mo bá ti ilé-ìwé alẹ́ dé, abẹ́ tábìlì tó fi ń rán bàtà ni mò ń sùn, òórùn gọ́ọ̀mù a sì máa fọ́ mi lórí. Á ní, "Akọ̀wé, sùn jàre. Orí tó ń fọ́ ni ìwé ń ráyè wọ̀."

Mo di onímọ̀ ọrọ̀ ajé, mo ń ṣèwádìí òwò láàárín orílẹ̀-èdè. Ìjọba dín owó ibodè kù lórí bàtà òkèèrè, wọ́n ní kí n wò ó bóyá ó pa àwọn aránbàtà wa lára, kí wọ́n tó fagi lé e pátápátá. Ṣọ́ọ̀bù tó ṣí ni mò ń wọ̀; èyí tí àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, mo fò ó. Obìnrin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní, "Ọ̀gá, ẹni tó ti ogun bọ̀ nìkan lẹ ń bi bóyá ogun ń pààyàn. Àwọn tó ti kógbá wọlé ńkọ́?" Mo ní, "Àgádágodo kì í dáhùn ìbéèrè." Ẹ wo ẹnu mi! Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù bàbá yín wà lára àwọn tí wọ́n tì pa. Ṣùgbọ́n mo mọ èsì tí àwọn tó gbéṣẹ́ fún mi ń retí, mo sì kọ ọ́ pé àwọn aránbàtà ń gbèrú.

Èyí tó burú jù ló kù. Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ ìjọba pè mí láti wá ṣàlàyé ìwádìí náà, bàbá yín wá ṣojú àwọn aránbàtà. Ó dìde. "Ẹ bi í, ṣé ó kan ilẹ̀kùn tèmi?" Alága wò mí. Mo ní, "N kò mọ ọkùnrin yìí. Bóyá ni ó tilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù." Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Kò bínú. Ó wo bàtà ẹsẹ̀ mi, èyí tí òun fúnra rẹ̀ rán, ó ní, "Ó dáa, sà." Sà! Sí èmi àbúrò rẹ̀! Ó jókòó.

Wọ́n fagi lé owó ibodè. Bàbá yín di alárù ní èbúté. Ibẹ̀ ni àìsàn ti gbé e lọ. Bí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tí mo dùbúlẹ̀ sí yìí bá sọ pé, "Ó dáa, sà," ńṣe ni mò ń fi aṣọ bojú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ṣèwádìí, ẹ máa wá ẹni tí ẹ kò bá nílé. Mo ti sọ òtítọ́ fún ìgbìmọ̀, àmọ́ ìyẹn kò lè jí òkú. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ ìsìnkú mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ka oyè kankan. Bí ọkàn yín bá gbà á, ẹ ṣáà sọ pé àbúrò bàbá yín ni mí.