Ìràwọ̀ Wo Ni Kò Sí Lókè Ẹ̀pẹ́?

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, èmi fúnra mi ni mò ń lọ ra ẹja yíyan ní Ẹ̀pẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá ẹlẹ́ja kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì.

"Ìràwọ̀ wo ni kò sí lókè Ẹ̀pẹ́," ni ìyá wí, "tí o fi ń lọ kọ́ ọ ní Lọ́ńdọ̀nù? Dúró tì mí, jàre."

"Màámi, ẹ wo ẹja tó sún mọ́ iná jù yẹn, gbogbo omi ara rẹ̀ ti gbẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ayé olókùúta kan rí lójú ọ̀run. Wọ́n sún mọ́ oòrùn tiwọn jù, ìtànṣán rẹ̀ sì ń gbá afẹ́fẹ́ wọn lọ títí yóò fi ku àpáta lásán."

"Èmi wá ni oòrùn tó ń yan ọ́?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o, mà!"

"Èyí tó jìnnà jù ńkọ́?"

"Yìnyín ló ń bò ó, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Lọ́ńdọ̀nù lo pè é, èmi ná an ní Ìbàdàn."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fi díẹ̀ kún un."

Ká ní ìyàwó mi tó mọ ọjà ná wà níbẹ̀, ì bá ti bá wọn dá sí i.