Omi Ìfọwọ́ Tí Mo Kọ́kọ́ Tọwọ́ Bọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni àwọn àna wa láti Inísà fẹ́ wá gbọ́ ìdáhùn lẹ́nu ọmọ-ọmọ mi: yálà kó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí wọ́n fà sẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Bí mo bá ń wọn gàrí fún oníbàárà, mo ń ṣì í wọ̀n. Ọ̀rọ̀ tó lè yanjú gbogbo wàhálà yìí wà lẹ́nu mi láti bí oṣù mẹ́ta, n kò sì tíì lè sọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́ ni mo ń pè é. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, èmi ni mo tọ́ ọ dàgbà nílé mi ní Ìkìrun níbí. Èmi ò ka ìwé kọjá pírámárì kejì, ṣùgbọ́n òun kàwé dé yunifásítì, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́, nínú láàbù tí wọ́n ti ń sin eku. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tó kọ́kọ́ sọ fún mi. Mo ní, “Èkúté tí mo ń fi ìgbálẹ̀ pa nídìí àpò gàrí, ìwọ wá ń gbé oúnjẹ fún un?” Ó ní, “Màmá, tiwa funfun, wọ́n sì mọ́ ju ṣọ́ọ̀bù yín lọ.” Ó wá ṣàlàyé fún mi pé kòkòrò àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní nórófáírọ́ọ̀sì, òun ló máa ń mú èèyàn bì, tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, tó sì máa ń ran gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ń mú èèyàn ṣòro láti sìn nínú láàbù. Ṣùgbọ́n eku ní tirẹ̀, tó bá ti èèyàn tan, tí kò ṣòro láti sìn. Èyí ni wọ́n ń wò kí wọ́n lè mọ bí irú kòkòrò yẹn ṣe ń wọ ara, bó ṣe ń kúrò, àti ohun tó lè pa á. Ó ní àwọn ò tíì rí i kí ti eku mú èèyàn. Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi dáadáa lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé ó yé mi.

Ọdọọdún ni ẹbí wa máa ń pàdé ní Òkukù, nílé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Èmi ni mo dàgbà jù nínú àwọn obìnrin, èmi ni mo sì máa ń bu iyán. Abọ́ omi kan ṣoṣo ló ń káàkiri. Àgbà á kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́, á gbé e fún ẹni tó tẹ̀lé e, títí á fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó kéré jù, tí omi náà á ti dà bí omidùn. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí a pàdé, mo bì bíi kí ìfun mi jáde, mo sì yàgbẹ́ gbuuru. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, ara mi ti le díẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni yóò gba iṣẹ́ bíbu iyán lọ́wọ́ mi, wọn á ní Màmá ti darúgbó. N kò sọ. Mo wọ bọ́ọ̀sì. Bí mo ṣe dé Òkukù, inú tún rú mi, mo sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé, omi díẹ̀ láìsí ọṣẹ ni mo sì fi ṣan ọwọ́. Mo wọlé, mo tọwọ́ bọ abọ́ ṣáájú gbogbo wọn, mo bu iyán, ọwọ́ yìí kan náà ni mo sì fi ń bu òkèlè sẹ́nu àwọn ọmọdé.

Kò pé ọjọ́ méjì tí àìsàn fi mú èèyàn mẹ́sàn-án nínú wa. Ọmọ tí ọmọkùnrin mi bí, ọmọ ọdún méjì, ojú rẹ̀ jìn wọnú, wọ́n fa omi sí i lára nílé ìwòsàn. A dúró síta, gbogbo wọn ń bi ara wọn, ṣé ẹran ni, ṣé iyán ni? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo èmi tí mo bu iyán. Mo ní, “Àbẹ̀kẹ́, ṣé kì í ṣe àìsàn eku yín lo gbé wá bá wa?”

Gbogbo ojú yí sí i. Kò bínú. Ó ṣàlàyé fún wọn bó ṣe ṣàlàyé fún mi. Ó ní sánítáísà tí a ń pa sọ́wọ́ níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa kòkòrò tó ń mú èèyàn, àfi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn. Ó wá béèrè pé, “Ta ló ti ń bì kí a tó jẹun? Kò sí ìbáwí o, ká lè mọ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa ni.” Mo ń ká etí ìró mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó má dé Òkukù mọ́ títí tó máa fi kúrò lọ́dọ̀ eku.

Ọmọ náà yè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dé Inísà. Ìyá ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní òun ò fẹ́ ìyàwó tí yóò máa ti ọ̀dọ̀ eku bọ̀ wá dáná fún ọmọ òun. Lánàá, Àbẹ̀kẹ́ pè mí lórí fóònù. Ó ti kọ lẹ́tà pé òun ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó kù kó fún wọn níbi iṣẹ́. Ó wá ní, “Màmá, àwọn yòókù lè gbà pé èmi ni. Ṣé ẹ̀yin náà gbà bẹ́ẹ̀?” Mo ní n kò gbọ́ ọ, nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Mo pa fóònù. Kedere ni mo gbọ́ ọ.

Ṣé kí n sọ ọ́ fún òun nìkan ni, àbí kí n dìde lójú àna, lójú ẹ̀gbọ́n mi, lójú ìyá ọmọ tó fẹ́ kú yẹn? Ṣé wọ́n á tún jẹ oúnjẹ lọ́wọ́ mi láyé? Mo ti ra ike omi tó ní ẹnu ẹ̀rọ, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọṣẹ, ẹnikẹ́ni kì í tọwọ́ bọ abọ́ nílé mi mọ́. Àwọn àna wa yóò fọwọ́ níbẹ̀ ní Sátidé. Ẹ bá mi wá ẹnu tí mo fẹ́ fi sọ ìdí tí mo fi gbé e síbẹ̀ fún wọn, kí Àbẹ̀kẹ́ tó mú lẹ́tà yẹn lọ fún wọn níbi iṣẹ́.