Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Bàbá Wàídì Kí Ìwé Mi Lè Dùn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ ara mi. Òǹkọ̀wé ni mí. Ìtàn adẹ́rùbani àti ti àwọn ẹ̀rọ ọjọ́ iwájú ni mò ń kọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti pé ọdún mẹ́rin níkùn mi, àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé ò jẹ́ kí n lè panu mọ́ mọ́.

Ẹ̀síteètì kan nítòsí Ajah ni mò ń gbé. Nígbà yẹn, mò ń kọ ìtàn ẹ̀rọ kan tó ń ṣọ́ géètì, tí gbogbo àdúgbò wá ń fura sí. Ìwé náà ò lọ rárá. Olóòtú mi ní àwọn èèyàn inú ẹ̀ ò sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ó dùn mí wọra.

Bàbá Wàídì ló ń ṣọ́ géètì tiwa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo kọ ọ́ sí gúrúùpù ẹ̀síteètì lórí fóònù pé jẹnẹrétọ̀ mi ti sọnù, pé mi ò fura sí ẹnikẹ́ni o, pé mo kàn rí Bàbá Wàídì lẹ́yìnkùlé mi ni. Irọ́ ni! Jẹnẹrétọ̀ wà nínú ilé mi. Mo kàn fẹ́ mọ bí àwọn èèyàn á ṣe sọ̀rọ̀ ni. Mo ní tó bá yá, màá ní mo ti rí i.

Háà! Ẹnì kan ní bẹ́líìtì òun ti sọnù rí. Ìyá kan ní ojú bàbá yẹn ò jọ ojú olóòótọ́. Mo jókòó, mò ń dà á kọ. Ó ń dùn mọ́ mi, kí Ọlọ́run foríjì mí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti lé bàbá lọ, ó ń fi Kùránì búra. Ojú tì mí láti sọ òótọ́.

Ìwé náà tà. Látìgbà yẹn, ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí mi, màá máa ronú pé ó ti mọ̀. Ìyàwó mi béèrè lẹ́ẹ̀kan pé ṣé jẹnẹrétọ̀ tí mo ní ó sọnù kọ́ ló wà nílé yìí, mo jágbe mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá Wàídì dá mi dúró ní ọjà Ajah. Ó ti ríṣẹ́ ọlọ́dẹ ní Ibeju-Lekki, àmọ́ wọ́n ní kó mú lẹ́tà wá látibi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin ni mo mú," ló wí. "Tẹ́ni tí wọ́n ní mo jí nǹkan ẹ̀ bá kọ ọ́ pé mi ò jalè, ta ló máa jiyàn?"

Kí ló dé tó jẹ́ èmi? Ṣé ó ti mọ̀ ni? Àbí ìyàwó mi ló sọ fún un? Ẹ wò mí o, èmi tí mo ba orúkọ ẹ̀ jẹ́, òun náà ni mo tún ń fura sí!

Ọ̀la ló ń bọ̀ wá gba lẹ́tà. Mo ti kọ ọ́ pé olóòótọ́ ni. Àmọ́ àwọn ará ẹ̀síteètì ṣì ń pè é lólè, wọ́n á sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá wá wádìí. Tí mo bá sì sọ bí mo ṣe mọ̀ pé kò jalè, mo gbé nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, kí ni kí n kọ?