Ọkọ̀ Ogun Tí Wọ́n Fi Ayùn Gé Sí Méjì

Ẹ má sọ fún mi pé kí n mú sùúrù, Àǹtí! Ẹ má sọ ọ́ rárá! Sùúrù wo ló kù? Ayùn ni àbúrò yín gbé, ayùn gidi, ó sì gé ọkọ̀ mi sí méjì láàárín bí ẹni ń gé búrẹ́dì!

Bẹ́ẹ̀ ni, àbúrò yín ni mo pè é. Kì í ṣe àbúrò tèmi mọ́.

Mo mọ̀, ọkọ̀ eré ni gbogbo yín ń pè é. Ọkọ̀ eré tó gùn ju bẹ́ẹ̀dì lọ? Mo fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ to ara rẹ̀, mo fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán. Ìbọn orí rẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì. Òwú ìránṣọ ni mo fi ṣe okùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, màá dá èémí dúró kí n tó so ó. Kódà mo fi ọ̀dà pupa kùn ún níbi ìdákọ̀ró, torí irin tó ń mu omi iyọ̀ gbọdọ̀ dípẹtà!

Ta ni mo ń ṣe é fún? Ṣebí ẹ mọ̀ pé irú ọkọ̀ tó gbé ẹ̀gbọ́n wa rì sínú òkun lójú ogun ni. Ẹ sì mọ̀ pé Màámi ò ríran mọ́. Láràárọ̀ ni mo ń fà wọ́n lọ́wọ́ wọ yàrá, wọ́n á fi ìka tọ ara ọkọ̀ náà, wọ́n á dé ojú fèrèsé róbótó kan, wọ́n á ní, "Ibí lọmọ mi ń sùn, àbí?" Màá ní, "Ibẹ̀ ni, Màámi." Ẹ̀rín tí wọ́n máa ń rín nígbà yẹn, Àǹtí, ẹ ò gbọ́ irú ẹ̀ rí.

Iṣẹ́ abẹ ìpá ni mo lọ ṣe o! Kí n tó ti ilé ìwòsàn dé, ọ̀gbẹ́ni ti fẹ́ gba yàrá fún ìyàwó tuntun. Ọkọ̀ ò gba ẹnu ọ̀nà. Mo ti sọ fún un pé fèrèsé la máa yọ, ó fi etí méjèèjì gbọ́! Ó ní òun rò pé màá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà. Gọ́ọ̀mù! Orí mi ò!

Kí lẹ wí? Ọmọdé ń ṣe é? Ọmọdé tó ń gbéyàwó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló ń pa mí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbé e jù sí. Láàárọ̀ yìí, Màámi ń tọ ògiri bọ̀, ọwọ́ wọn bà á. Inú wọn dùn. Wọ́n ń tọ ọ́ lọ, wọ́n ń tọ ọ́ lọ, ọwọ́ wọn já sófo. Wọ́n fi ìka wá ojú ibi tí ayùn gbà, ó rí ṣákaṣàka, ó ń gún wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ṣé ibi tó ti ya nìyí, tómi fi wọlé bá a?"

Kí ni kí n sọ? Ẹ sọ ọ́! Láti ọjọ́ tí ìròyìn ikú yẹn ti dé, wọn ò béèrè bó ṣe kú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Òní ni wọ́n bi mí. Wọ́n ṣì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, wọn ò jẹun, wọn ò mumi.

Ẹ gbé ẹ̀bẹ̀ yín lọ, mi ò gbà á. Ẹ lọ pè é wá. Kò gbọdọ̀ ránṣẹ́ o, kò gbọdọ̀ rán ìyàwó! Kó wá kúnlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, kó di ọwọ́ Màámi mú, kóun fúnra ẹ̀ dá wọn lóhùn.