Ọmọ Mi, Ṣé Irọ́ Ni Mò Ń Pa?

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Páílọ́ọ̀tì, ẹ jókòó kẹ́ ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun tipẹ́. Mo gbé e mì, kò lọ, mo fẹ́ bì í, kò jáde. Lónìí ni n ó fi ìka fà á yọ, kódà bí ahọ́n mi bá fẹ́ tẹ̀ lé e. Dókítà eyín ni mí. Iṣẹ́ mi ni kí n sọ fún olówó àti aláṣẹ pé, "Ẹ la ẹnu," kí wọ́n sì là á gbàgàdà bí ọmọ ẹyẹ. Ẹni tó bá pẹ́ lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé gbogbo ayé ló yẹ kó máa gbọ́ràn sí òun lẹ́nu. Nígbà tí ilé àti mọ́tò kò gba ìgbéraga mi mọ́, mo ní n ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàlúù. N kò tíì mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì tí mo ti ra dígí dúdú àti jákẹ́ẹ̀tì awọ. Ìyàwó mi ti ń dá àwọn èèyàn lóhùn lórí fóònù pé, "Páílọ́ọ̀tì ń wẹ̀ lọ́wọ́."

Olùkọ́ tí wọ́n fún mi, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, oníwà tútù, tí àbúrò mi ìkẹyìn jù lọ́jọ́ orí. Ẹ̀gbẹ́ ara wa la máa ń jókòó sí, ọ̀pá ìdarí kan níwájú mi, ọ̀kan níwájú tirẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó ní, "Sà, bí mo bá ti ní 'Mo gbà á' báyìí, ẹ gbọ́wọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Kò sí àgbà, kò sí ọmọdé lókè." Inú bí mi. "Gbà á lọ́wọ́ ta ni? Ṣé ìyá rẹ kò kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà ni?" Mo fẹjọ́ sun ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́. Ìyẹn rẹ́rìn-ín, ó sọ fún olùkọ́ náà pé, "Ṣe sùúrù fún wọn, oníbàárà wa ni wọ́n." Láti ọjọ́ náà ni "Mo gbà á" ti di "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fi sílẹ̀." Ẹ wo bí mo ti gọ̀ tó: mo ka ìyẹn sí ìṣẹ́gun.

Ọjọ́ tó burú náà, ìyàwó mi kó àwọn ará ilé rẹ̀ wá síbi ọgbà wáyà tó yí pápá bàlúù ká, kí wọ́n wá wo àna wọn lókè. Mo fẹ́ kí bàlúù balẹ̀ wẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ. Mo bá tètè fa ọ̀pá. Imú bàlúù gbé sókè, eré tán lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ sì ṣì jìnnà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi..." Mo gbọ́ o! N kò ní sọ pé n kò gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ọmọdé wá bá mi gbé e balẹ̀ níwájú àwọn àna mi? Mo dì í mú gírígírí. Ó tì í, mo fà á. Bàlúù já lulẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣẹ́, apá rẹ̀ ha ilẹ̀ gbuurugbu, eegun èjìká ọmọ náà sì kán. Èmi ńkọ́? Dígí mi kò tilẹ̀ bọ́ lójú.

Ìyẹn kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè ṣe àṣìṣe. Nínú yàrá ìgbìmọ̀ ìwádìí ni mo ti ba ayé ara mi jẹ́. Wọ́n bi mí pé ọwọ́ ta ni bàlúù wà. Mo ní, "Ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó ní òun gbà á, mo sì gbọ́wọ́ kúrò." Ọmọ náà, tó fi aṣọ gbé apá kọ́rùn, ní, "Ó dà bíi pé wọ́n gbàgbé ni, sà." Alága wò ó. "Ṣé pé wọ́n ń parọ́ lò ń sọ?"  Ọmọ tí wọ́n bá tọ́ dáadáa kì í pe àgbà ní òpùrọ́ lójúkojú. Lẹ́nu ọmọdé, àgbà kì í parọ́. Ó máa ń gbàgbé ni, tàbí kó ṣì í sọ. Mo mọ èyí. Mo mọ̀ ọ́n ju bí mo ṣe mọ eyín lọ. Mo bá yíjú sí i, mo rọ ohùn mi bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "Ọmọ mi, ṣé irọ́ ni mò ń pa?"  Ó wolẹ̀. "Rárá o, sà." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ rẹ̀. Èmi tí mo ń fi ẹnu lílà jẹun, mo pa ẹnu ọmọ ọlọ́mọ dé.

Olùkọ́ mìíràn ló parí iṣẹ́ lórí mi títí tí mo fi gba ìwé àṣẹ tèmi. Láti ìgbà náà ni mo ti wà nínú àgò. Bí wọ́n bá ní, "Páílọ́ọ̀tì, gbé wa fò," mo ní atẹ́gùn ti pọ̀ jù. Bí atẹ́gùn bá rọlẹ̀, mo ní orúnkún ń dùn mí. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn bàlúù mọ́ ara mi, bíi pósí ni. N kò lè fò, n kò sì lè sọ pé n kò fò mọ́, torí fọ́tò mi ló gba ògiri pálọ̀ tán. Ìgbà tó yá, ọmọbìnrin mi ní òun náà á fò bíi bàbá òun, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ bàlúù. Níbi tí a ti ń jẹun ló ti ní, "Dádì, wọ́n fi olùkọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ fún wa lónìí, èyí tó gba bàlúù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó sì jù ú lulẹ̀. Irú òmùgọ̀ wo nìyẹn?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Oúnjẹ yẹn kò tíì dà nínú mi.

Mo wá olùkọ́ mi àkọ́kọ́ náà lọ. Mọ́tò wíwà ló ń kọ́ àwọn èèyàn báyìí. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó gbá mi mú. "Ẹ má bẹ̀ mí níbí, sà. Bí ẹ bá bẹ̀ mí lójúkojú, mà á ní kò sí nǹkan kan. Ẹ sì mọ̀ pé n kò lè sọ nǹkan míì fún yín." Ìdí nìyí tí mo fi kọ èyí. Mo ti dá ìwé àṣẹ mi padà fún ìgbìmọ̀, mo ti ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbé yẹ̀ wò. Ọmọbìnrin mi ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n ẹ má fi òtítọ́ yín san owó ọ̀wọ̀. Àti ìwọ, olùkọ́ mi, mo bẹ̀ ọ́, níbi tí o kò ti rí ojú mi. Bí o kò bá gbà, sọ pé o kò gbà.