Ta Ni Yóò Máa Bomi sí Ìdí Irin Náà?

Alága wa, Bàbá Ajíbóyè, mo kúnlẹ̀ kí yín. Mámà Jemimah, olórí àwa agbẹ̀bí, mo tún kúnlẹ̀. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin bàbá tí ẹ ti ìdí ìrun Àsárì wá bá wa, ẹ̀yin ìyá tí ẹ pọn ọmọ tí a jọ gbẹ̀bí rẹ̀ wá síbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi ní sùúrù. Ohùn mi kì í fẹ́ jáde níbi tí èrò bá pọ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́ bọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó tan ẹnjíìnì tó ń fún wa níná, n ó bu omi kún agolo lẹ́nu kànga. N ó gba ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ, n ó lóṣòó nídìí irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnjíìnì kékeré. Díẹ̀díẹ̀ ni n ó máa da omi náà, kí ó má ṣàn lọ, títí ilẹ̀ yóò fi mu ún tán. Lẹ́yìn náà n ó fi ìka fa wáyà orí irin náà wò bóyá ó ṣì so mọ́ ọn dáadáa. Ó tán nìyẹn.

Bàbá Mùkáílà, ọdẹ tí ń ṣọ́ ọgbà wa, mọ ìdí tí mo fi ń ṣe é dáadáa, síbẹ̀ wọ́n a máa pariwo pé, “Ọmọ Èkìtì, òrìṣà wo lò ń bọ nínú ọgbà onígbàgbọ́?” Gbogbo ọgbà a sì bú sẹ́rìn-ín. Èmi a sá wọlé. Àwọn kan nínú yín ní ìgbéraga ni. Kì í ṣe ìgbéraga. Ojú ló ń tì mí, àárò ilé sì ń sọ mí. Ta ni n bá bá sọ̀rọ̀, nígbà tó jẹ́ pé bí mo bá ti lanu báyìí, ohùn Ìkọ̀lé mi ti di yẹ̀yẹ́?

Ìyá Fàsílátù, tí ń fọṣọ tí ń lọṣọ wa, ni wọ́n kọ́kọ́ sọ mí di ọmọ. Wọ́n a bu gúgúrú sí mi lọ́wọ́, wọ́n a ní, “Jókòó tì mí. Má wulẹ̀ sọ nǹkan kan.” Mo jókòó, mo ń wò. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ dárí jì mí, èmi ríran díẹ̀.

Mo rí i tí wọ́n ń ju áyọ́ọ̀nù sílẹ̀: “Yé! Ó tún ta mí!” Àwọn yòókù a ní, “Ọwọ́ ọ̀lẹ ni áyọ́ọ̀nù ń ta!” Ṣùgbọ́n bí ẹnjíìnì ńlá bá ń ṣiṣẹ́, kì í ta wọ́n. Ọjọ́ tí ẹnjíìnì ńlá bá dákẹ́, tí a tan kékeré tó ń dúró dè é, ọjọ́ náà ló ń ta wọ́n, ẹsẹ̀ wọn lásán sì wà lórí sìmẹ́ńtì tútù. Mo sọ fún Mámà Jemimah. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n pa ẹnjíìnì náà, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Àlàní, tí ń tọ́jú ẹnjíìnì káàkiri Kuta àti Ilé-Ogbó.

Ọ̀gá Àlàní yà sẹ́yìn ilé, a gbọ́ igbe wọn: “Ta ló so àgbò mọ́ irin mi?” Àgbò Iléyá Bàbá Mùkáílà ni! Ibi tó ti ń fà lọ sídìí ewé iṣu ló ti fa wáyà já lórí irin. Ẹ rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín nígbà náà, àfi Ọ̀gá Àlàní nìkan. Wọ́n ní, “Iná tó bá jáde gbọ́dọ̀ padà sílé. Wáyà tó ń gbà padà là ń pè ní níútírà. A so ó mọ́ irin ilẹ̀ yìí, a sì so ara áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Bí iná bá ṣìnà wọ ara áyọ́ọ̀nù, yóò rí ọ̀nà sá padà kíá, fíúsì yóò jó, iná yóò kú, ó parí. Bí wáyà tó so áyọ́ọ̀nù mọ́ irin yìí bá já, ara áyọ́ọ̀nù ni iná yóò lúgọ sí, tí yóò máa dúró de ọwọ́ ọmọ èèyàn.” Ẹnjíìnì ńlá ní irin tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìyẹn ni kò fi ta ẹnikẹ́ni.

Wọ́n tún wáyà so, wọ́n tún áyọ́ọ̀nù ṣe. Wọ́n wá kìlọ̀ pé bí ọyẹ́ bá dé, ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná dáadáa, kí ẹnìkan máa bomi rin ín. Mo ní èmi ni. Ó jẹ́ ohun kan tí mo lè ṣe láìsọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, lọ́la ni mò ń lọ sí Ìbàdàn láti parí ẹ̀kọ́ mi. Ọyẹ́ ti dé. Lọ́la náà ni wọ́n ó gbé ẹnjíìnì ńlá lọ fún àtúnṣe, kékeré nìkan ni yóò kù. Ìyá Fàsílátù yóò dúró lórí sìmẹ́ńtì, wọ́n ó di áyọ́ọ̀nù mú. Ta ni yóò máa bomi sí ìdí irin náà?

Ẹ má dákẹ́ mọ́ mi lórí. Ìdákẹ́ ti tó fún mi nílùú yìí.

Ẹ gbọ́, Bàbá Mùkáílà ti dìde. “Jókòó, Èkìtì! Ọ̀rọ̀ ọdún kan lo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí. Ṣebí mò ń ṣe àlùwàlá Àsùbáà kí ẹnjíìnì tó ké? Ìdí irin yẹn ni n ó ti máa ṣe é. Omi búútà mi yóò tó fún ilẹ̀ náà mu.”

Ìyá Fàsílátù ní, “Àgbò ńkọ́?”

“Ìdí igi ọsàn ni n ó so ti ọdún tó ń bọ̀ mọ́, abiamọ, fi mí sílẹ̀!”

Bàbá, mo dúpẹ́. Ọkàn mi ti balẹ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ẹkún nílé ìgbẹ̀bí yìí. Obìnrin tó bá gbé oyún wọ̀ ọ́, yóò pọn ọmọ jáde. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún wa kò ní bá iná pàdé. Ẹ̀yin tí ẹ gba àlejò, ilẹ̀ àjèjì yóò gba ọmọ tiyín náà.

Lọ́la, kí lọ́rì Ìbàdàn tó fọn fèrè, n ó lọ sẹ́yìn ilé ìfọṣọ. N kò ní mú agolo dání. N ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán títí Bàbá yóò fi ṣe àlùwàlá wọn tán, lẹ́yìn náà n ó fi ìka fa wáyà náà wò, lẹ́ẹ̀kan péré.

Ẹ ṣé o.