Nọ́ńbà Tí Gunnvor Pa Rẹ́

Ẹ má tíì bu kọfí, ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi. Ọ̀rọ̀ tó wà níkùn mi láti oṣù kìíní kò lè dúró síbẹ̀ mọ́. Èmi Oddlaug, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, tí mo ti gé ẹja ní ìlú Vardø títí kí n tó mọ̀wé kà, èmi ni mo kó bá Gunnvor.

Ẹ rántí ọjọ́ tí Eivind olùkọ́ wa ní kí oníkálukú ju irin fẹ́lẹ́ sínú ásíìdì, kí a fi ọ̀pá gíláàsì tí a dojú rẹ̀ dé inú omi gba afẹ́fẹ́ tó bá jáde, kí a ka iye mílílítà tó gbà, ká tó wá fi òfin afẹ́fẹ́, ìṣirò tó ń sọ iye tó yẹ kó jáde, yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pá tèmi fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, afẹ́fẹ́ mi sá lọ. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n mo mọ òfin náà, inú mi sì ń dùn pé mo mọ̀ ọ́n! Mo fi 273 kún ìwọ̀n ooru yàrá, mo sọ ọ́ di púpọ̀ bí òfin ti wí, mo fi bí afẹ́fẹ́ yàrá ṣe ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ tó pín in: 24.1! Mo kọ ọ́ bí ẹni pé ojú mi ló rí i. Olè ni mí.

Gunnvor, tí òun náà ti gé ẹja rí, tí a sì jọ wà nídìí tábìlì kan, yọjú. "Màmá, kí lẹ rí?"

"24.1."

"Yéè! 24.7 lèmi rí. Ẹja ti bà mí lójú jẹ́!" Ó rẹ́rìn-ín, ó pa tirẹ̀ rẹ́, ó kọ tèmi.

Eivind rí nọ́ńbà kan náà, ó sì rí àmì ìparẹ́. "Màmá Oddlaug, ta ló wo ti ẹnì kejì?"

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu tí mo fi ń gbàdúrà sọ: "Òun ló wo tèmi." Òótọ́ ni. Irọ́ tó burú jù láyé mi sì ni. Òdo ni Gunnvor gbà, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó fẹ́ wọ̀ kò mú un, ó padà sídìí ẹja.

Lánàá ni Eivind kọ́ wa pé afẹ́fẹ́ tí a bá gbà lórí omi máa ń kó oru omi mọ́ra, ó sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ohun tí mo kọ lọ. Mo fò dìde! Mo yọ ti oru omi kúrò lára ohun tí mo fi pín in, mo tún ìṣirò náà ṣe: 24.7! Nọ́ńbà tí Gunnvor pa rẹ́ gan-an! Ojú rẹ̀ ló mọ́ jù nínú gbogbo wa.

Eivind, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba òdo náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí iwájú orúkọ mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ojú yín bá rí ni kí ẹ kọ, ì báà dójú ti òfin. Aago mẹ́wàá ni àwọn tó ń gé ẹja máa ń jókòó jẹ wáfù, àkàrà òyìnbó wọn. Ibẹ̀ ni mo ń lọ báyìí, ìwé ìṣirò yìí lọ́wọ́. Bó bá wu Gunnvor, kó fi ẹja gbá mi létí, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ wo nọ́ńbà rẹ̀.